Aró inú ìfun: ohun tí bakitéríà inú wa ń fi tryptophan ṣe

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, fídíò méjì wọ gúrúùpù WhatsApp ẹbí wa. Nínú àkọ́kọ́, ọkùnrin kan ń pariwo pé bakitéríà inú ìfun ń sọ ẹran àti ẹyin tí à ń jẹ di májèlé tó ń pa kíndìnrín, pé kí oníkálukú tètè lọ fọ ìfun rẹ̀ mọ́. Nínú ìkejì, obìnrin kan fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé pé bakitéríà yìí kan náà ló ń po ayọ̀ fún ọpọlọ, pé ẹni tí inú rẹ̀ kò bá dùn, ìfun rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ó sì ní ìyẹ̀fun kan tó ń tà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Èwo ni ká gbà nínú méjèèjì? Ṣé kí n fọ ìfun mi ni, àbí kí n máa bọ́ ọ?"

Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi dára ju fídíò méjèèjì lọ. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ lé lórí, tí wọn kò dárúkọ rẹ̀: tryptophan. Oníkálukú kàn bu apá tó wù ú níbẹ̀ ni. Mo fẹ́ gbé gbogbo ìkòkò náà kalẹ̀.

Kí ni tryptophan gan-an?

Purotéènì inú ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sórí okùn. Nígbà tí oúnjẹ bá ń dà nínú wa, okùn yóò já, ìlẹ̀kẹ̀ yóò sì tú sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ 20 ni ara fi ń sín purotéènì tirẹ̀, mẹ́sàn-án nínú wọn ni ara kò sì lè ṣe fúnra rẹ̀, àfi kó rí i nínú oúnjẹ. Tryptophan wà lára mẹ́sàn-án yìí. Frederick Gowland Hopkins àti Sydney Cole ló kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde lára purotéènì wàrà, ní Cambridge, ní 1901.

Ìwọ̀n tí àgbàlagbà nílò kò pọ̀, nǹkan bíi mílígíráàmù 4 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ẹni tó bá wọn kílò 60 nílò 240. Ẹyin kan ní bíi 80. Ẹni tó jẹ ẹ̀wà lọ́sàn-án, tó tún rí ẹja nínú ọbẹ̀ lálẹ́, ti kọjá ibẹ̀ láìmọ̀.

Àgbàdo ni kò ní in tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, àwọn tálákà gúúsù Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé àgbàdo ni wọ́n ń jẹ tọ̀sán-tòru ń kó àrùn kan tí wọ́n ń pè ní pellagra. Awọ ara wọn ń bó, ìgbẹ́ gbuuru ń dà wọ́n láàmú, iyè wọn ń rá, ọ̀pọ̀ sì ń kú. Àwọn èèyàn rò pé àrùn tó ń ràn ni. Dókítà Joseph Goldberger, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ní 1914, ló fi hàn pé oúnjẹ ló fà á. Ìdí rẹ̀ ni pé ara máa ń fi tryptophan ṣe fítámì kan, B3. Ẹni tí kò rí fítámì náà jẹ, tí kò sì rí tryptophan tí ara lè fi ṣe é, pellagra ló kàn án. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo àwo ẹ̀kọ òun àkàrà: ohun tí àgbàdo inú ẹ̀kọ kò ní, ẹ̀wà inú àkàrà ló ń bá a dí i.

Níbo ló ń gbà lẹ́yìn tó bá wọlé?

Ara á kọ́kọ́ mú èyí tó nílò fi sín purotéènì rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù bọ́ sí oríta, ọ̀nà mẹ́ta ló sì wà níbẹ̀.

Ọ̀nà tó fẹ̀ jù ni ti ẹ̀dọ̀ àti àwọn ọmọ ogun ara, èyí tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà kynurenine. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ń gbà, òun ló sì ń yọrí sí fítámì B3 yẹn. Ọ̀nà kejì tóóró gan-an: òun ló lọ sí serotonin, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní kẹ́míkà ayọ̀, tí ìfun fi ń sún oúnjẹ síwájú, tí ọpọlọ náà sì ń lò. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ọpọlọ á tún fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe melatonin, tó ń sọ fún ara pé oorun ti tó.

Ọ̀nà kẹta kì í ṣe ti ara wa rárá. Tryptophan tí ìfun kékeré kò rí gbà tán máa ń ṣàn lọ sínú ìfun ńlá. Bakitéríà tó ń gbé inú wa, ìfun ńlá ni ibùgbé ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, àwọn onímọ̀ sì ṣírò wọn sí bíi tírílíọ̀nù 38 nínú àgbàlagbà kan. Àwọn wọ̀nyí ní irinṣẹ́ tí ara wa kò ní. Ohun tí wọ́n bá fi tryptophan ṣe níbẹ̀ ni fídíò méjèèjì ń jà lé lórí.

Kí ló pa èyí pọ̀ mọ́ aró?

Ẹni tó bá ti dúró ti ìyá aláró rí, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Òṣogbo, mọ ìran yìí. Wọ́n ri aṣọ sínú ìkòkò. Nígbà tí wọ́n fà á yọ, kì í ṣe àwọ̀ aró lo kọ́kọ́ máa rí. Àwọ̀ ewé ni, ewé tó ti ń pọ́n lọ. Ìyá náà á tẹ́ aṣọ sí atẹ́gùn, o ò sì ní tíì fi ojú kúrò lára rẹ̀ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí yí padà, láti etí aṣọ wọ àárín, títí gbogbo rẹ̀ fi di aró. Nínú ìkòkò yẹn, ewé elú tí wọ́n gún, tí wọ́n sá, tí wọ́n sì rẹ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan, bakitéríà ló ń bá ìyá aláró ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ kí aró tó yọ́ dáadáa, kó tó lè wọ òwú.

Adolf von Baeyer, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, fi ọ̀pọ̀ ọdún tú aró wò láti mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ní 1866 ó kan ohun kékeré kan tó jẹ́ egungun tó gbé aró ró. Indole ni wọ́n pè é, orúkọ tí wọ́n gé lára indigo, ìyẹn aró fúnra rẹ̀.

Egungun yìí gan-an ló wà nínú tryptophan. Nígbà tí bakitéríà bíi E. coli bá rí tryptophan nínú ìfun, ó máa ń gé ìyókù kúrò lára rẹ̀, indole ni yóò sì ṣẹ́ kù. Òun àti ìbátan rẹ̀ kan, skatole, wà lára ohun tó ń mú ìgbẹ́ rùn. Ohun tó wà nínú ewé elú àti ohun tó wà nínú ìfun wa, ìbátan ni wọ́n, inú ẹbí kan ni wọ́n ti wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé aró yìí, yóò tún padà wá bá wa nínú àpò ìtọ̀.

Oore wo ni wọ́n ń ṣe fún wa?

Ògiri tó wà láàárín ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ wa kò nípọn. Sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan ṣoṣo ni sísanra rẹ̀, bí ilé tí wọ́n to búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ní ìlà kan péré. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn, àti nínú àwọn ọmọ ogun ara tó ń ṣọ́ wọn, agogo kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní AhR. Ẹnu dioxin ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ agogo yìí, májèlé tó máa ń jáde nínú èéfín ìdọ̀tí àti ike tí wọ́n ń sun. Dioxin máa ń lù ú kíkankíkan, láìdáwọ́ dúró. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó rí i pé àwọn ọmọ indole, ìyẹn àwọn ohun tí bakitéríà ń fi tryptophan ṣe tí egungun indole ṣì wà nínú wọn, máa ń lu agogo kan náà wọ́ọ́rọ́wọ́, ìlù tó sì ṣàǹfààní ni.

Ní 2013, àwọn olùwádìí ní Perugia ní Ítálì fi hàn nínú eku pé bakitéríà Lactobacillus, ìdílé àwọn tó ń kan ògì àti wàrà, máa ń fi tryptophan ṣe ọ̀kan lára ọmọ indole wọ̀nyí. Bó bá ti lu agogo, àwọn ọmọ ogun ara á tú ohun kan jáde tó ń mú kí ògiri ìfun tún ara rẹ̀ mọ, kó sì lé olu (fungus) tó ń mú kí nǹkan funfun bo inú ẹnu sẹ́yìn. Ní 2016 àwọn ará Paris tẹ̀ lé e: àwọn eku tí bakitéríà wọn kò lè lu agogo yìí tètè ń ní egbò ìfun, nígbà tí wọ́n sì fún wọn ní Lactobacillus tó mọ iṣẹ́ náà, egbò wọn rọ̀. Wọ́n tún rí i pé ìgbẹ́ àwọn èèyàn tó ní àrùn egbò ìfun ọlọ́jọ́ pípẹ́ kò lágbára tó láti lu agogo náà.

Ọmọ indole kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ orúkọ rẹ̀ torí yóò máa jáde nínú ìròyìn: IPA. Kò sí ohun kankan nínú ara èèyàn tó lè ṣe é, bakitéríà nìkan ló ni ín. Ní 2009 àwọn olùwádìí ní Kalifóníà wo ẹ̀jẹ̀ eku tí wọ́n tọ́ láìsí bakitéríà kankan lára, wọn kò rí IPA níbẹ̀ rárá. Wọ́n fi bakitéríà kan ṣoṣo, Clostridium sporogenes, sínú ìfun wọn; IPA sì fara hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Ní Fínlándì, àwọn tó ń tọ́pa àwọn èèyàn tí àtọ̀gbẹ ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí wọn gbé àbájáde jáde ní 2017: àwọn tí IPA pọ̀ lẹ́jẹ̀ wọn ni àtọ̀gbẹ kò tètè mú, àwọn náà ló sì ń jẹ fáíbà jù. Èyí kò tíì sọ pé IPA fúnra rẹ̀ ló gbà wọ́n sílẹ̀. Ó lè jẹ́ àmì pé wọ́n ń jẹun dáadáa ni. Ṣùgbọ́n àmì tó yẹ ká fojú sí ni.

Ṣé lóòótọ́ ló ń pa kíndìnrín?

Ọkùnrin inú fídíò kò purọ́ tán. Indole tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sí ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di ohun kan tí wọ́n ń pè ní indoxyl sulfate, kíndìnrín á sì tọ̀ ọ́ dànù. Lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ le, ojoojúmọ́ ni èyí ń ṣẹlẹ̀, kò sì sí wàhálà. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ara ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀. Ohun náà kò rí ọ̀nà jáde mọ́, ó wá ń kó jọ nínú ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò lára ẹranko àti sẹ́ẹ̀lì sì fi hàn pé ó ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ó tún ń dá àpá sára kíndìnrín tó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni pé kíndìnrín tó rẹ̀ ló jẹ́ kó di májèlé, kó tó di pé òun náà wá ń fi kún àìsàn kíndìnrín. Ẹni tó bá sọ ọ́ bíi pé gbogbo ẹlẹ́ran ló ń pa kíndìnrín ara rẹ̀ ti gbé ẹrù aláìsàn ru ẹni tí ara rẹ̀ dá.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn náà kì í rí i mú dáadáa. Indoxyl sulfate máa ń dì mọ́ purotéènì ńlá inú ẹ̀jẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Ojú asẹ́ ẹ̀rọ náà kéré, ìyá kò lè kọjá, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ náà kò sì kọjá. Ní Jàpáánù, láti 1991 ni wọ́n ti ń fún aláìsàn kíndìnrín ní èédú tí wọ́n ṣe bí oògùn, kó lè fa indole mọ́ra nínú ìfun kó tó wọ ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí ńlá tí wọ́n fi aláìsàn tó lé ní 2,000 ṣe ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015, kò rí i pé èédú náà dá àìsàn dúró ju ìtọ́jú tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ.

Aró tí mo ní kí ẹ má gbàgbé ti dé. Àgbàlagbà tó wà lórí ibùsùn, tí wọ́n ti fi rọ́bà sí lára láti máa gba ìtọ̀ rẹ̀ sínú àpò, àpò yẹn lè ṣàdédé di elésè àlùkò láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn ẹbí á dìde, ẹ̀rù á bà wọ́n, ẹlòmíràn á sì ti máa wo ojú ìyàwó ilé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìgbẹ́ ti há mọ́ àgbàlagbà náà nínú, bakitéríà inú ìfun rí àyè ṣe indole rẹpẹtẹ, ó di indoxyl sulfate, ó jáde nínú ìtọ̀. Bakitéríà mìíràn tó ti kó sínú rọ́bà ìtọ̀ wá já a sí wẹ́wẹ́, atẹ́gùn kàn án, ó di aró. Aró gidi ni, indigo, pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ pupa kan. Búlúù àti pupa pàdé, wọ́n di àlùkò. Iṣẹ́ ìkòkò ìyá aláró ni àpò ìtọ̀ ṣe. Kì í ṣe àjẹ́. Kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì ni, kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà náà, kí dókítà yẹ ìtọ̀ wò bóyá àkóràn wà níbẹ̀, kí wọ́n sì wá nǹkan ṣe sí ìgbẹ́ tó há.

Ṣé ìfun ló ń po ayọ̀ fún ọpọlọ?

Òótọ́ ni pé bíi 90 nínú 100 serotonin ara wa, inú ìfun ló wà. Sẹ́ẹ̀lì ògiri ìfun ló ń ṣe é, bakitéríà kan ń rọ̀ wọ́n láti ṣe sí i ni, gẹ́gẹ́ bí Elaine Hsiao àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kalifóníà ṣe fi hàn nínú eku ní 2015. Ṣùgbọ́n serotonin inú ìfun kì í wọ ọpọlọ. Odi wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ, odi náà kì í jẹ́ kó kọjá. Tryptophan ni odi náà ń jẹ́ kó wọlé, òun náà sì gbọ́dọ̀ bá àwọn ìlẹ̀kẹ̀ purotéènì mìíràn du ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, bí èrò ṣe ń du danfó ìrọ̀lẹ́. Ọpọlọ wá ń ṣe serotonin tirẹ̀ nínú ilé.

Ibi tí ìfun, àìsàn àti ìbànújẹ́ ti pàdé ni ọ̀nà fífẹ̀ yẹn, ọ̀nà kynurenine. Bí ara bá ń bá àìsàn jà fún ìgbà pípẹ́, àwọn ọmọ ogun ara máa ń ṣí ọ̀nà yìí gbayawu, tryptophan á sì máa ya lọ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ interferon, tó máa ń ru àwọn ọmọ ogun ara sókè, wo àìsàn ẹ̀dọ̀ hepatitis C, ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú gan-an, kynurenine wọn sì ga sókè. Àwọn kan lára ọmọ kynurenine lè ṣe ọpọlọ ní ibi. Ní 2014, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Karolinska ní Sweden rí i nínú eku pé iṣan ara tó ń ṣe eré ìdárayá máa ń sọ kynurenine di nǹkan mìíràn tí kò lè wọ ọpọlọ. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní ọ̀pọ̀ orísun. Mi ò rò pé ó tọ́ kí ẹnikẹ́ni máa ta ìyẹ̀fun fún ẹni tó ń sunkún lóru, kó sì sọ pé ìfun rẹ̀ ló dọ̀tí.

 

Ṣé kí n máa lo tryptophan oníkóró?

Ní 1989, ní Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn tó ń lo kóró tryptophan kí wọ́n lè sùn dáadáa bẹ̀rẹ̀ sí ní ìrora iṣan tó burú jáì. Ó lé ní 1,500 èèyàn tó kó àìsàn náà, ó kéré tán 37 nínú wọn sì kú. Ìwádìí tọ́ka sí ìdọ̀tí tó wọ kóró tí ilé iṣẹ́ kan ṣe. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá rí i nínú ike lórí àtẹ, ẹyin àti ẹ̀wà ni mo máa ń rántí.

Ṣé kí n fọ̀ ọ́, àbí kí n bọ́ ọ?

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó má fọ nǹkan kan. Ẹni tó bá fi oògùn wẹ ìfun, tàbí tó ń da oògùn apabakitéríà mu láìsí ìwé dókítà, kò lè ṣa E. coli lọ́tọ̀ kó fi C. sporogenes sílẹ̀. Gbogbo wọn ló ń gbá jáde. Bí wọ́n bá sì padà, ohun tí wọ́n bá nílẹ̀ ni yóò sọ iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe.

Ohun tó wà nílẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ ká wò dáadáa. Fáíbà ni apá oúnjẹ ewéko tí ìfun wa kò lè dà, tó ń dé ìfun ńlá bó ṣe wà. Bakitéríà fẹ́ràn ṣúgà tó wà nínú rẹ̀ ju tryptophan lọ. Ẹni tí àmàlà wà níwájú rẹ̀ kì í lọ ha eegun. Àwọn olùwádìí ní Denmark gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2024 tó fi bó ṣe ń lọ hàn, nínú ìgò àyẹ̀wò àti nínú eku. Wọ́n da bakitéríà mẹ́ta pọ̀. Wọ́n fún wọn ní pectin, fáíbà inú èso. Bakitéríà kan fọ́ pectin sí wẹ́wẹ́, ṣúgà tú jáde, E. coli dojú kọ ṣúgà ó sì pa tryptophan tì. Tryptophan tó pa tì ni C. sporogenes mú, ó fi ṣe àwọn ọmọ indole tó ń ṣe wá lóore, IPA wà níbẹ̀. Bakitéríà kan náà, tryptophan kan náà: oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló sọ bóyá ohun tí yóò ni kíndìnrín lára ni yóò dà, tàbí ohun tí yóò tún ògiri ìfun ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ilá, èso. Ẹni tí dókítà ti sọ fún pé kíndìnrín rẹ̀ kò dára kò gbọ́dọ̀ kàn bẹ̀rẹ̀ sí jẹ wọ́n bó ṣe wù ú o, torí potásíọ́mù inú ọ̀pọ̀ nínú wọn lè pọ̀ jù fún un. Kó béèrè níbi tó ti ń gba ìtọ́jú.

Ẹ̀gbọ́n mi béèrè ibi tí pectin yẹn wà nínú ọsàn. Mo ní kó rántí bá a ṣe ń mu ún: ìyá ọlọ́sàn á fi ọ̀bẹ bó o, á gé orí rẹ̀, a ó fún un sẹ́nu títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ, a ó sì sọ ìyókù sẹ́bàá títì. Ara awọ funfun àti háhá tí a sọ nù yẹn ló pọ̀ sí jù.